Títì Tí Yóò Gba Orí Sàréè Bàbá Wa

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo kí Délé àbúrò mi ní Ìkẹ́rẹ́, mo kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ará àdúgbò wa ní Emùré. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí kì í ṣe ojúlé tiwa nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ títì fi ọ̀dà pupa ṣàmì sí. Ẹni tí sàréè bàbá tirẹ̀ náà wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìṣẹ́ lè bá wa gbọ́ ọ.

Délé ti ṣàlàyé fún mi lórí fóònù. Ó ní kí ọdún tó parí ni katapílà tó ń fẹ títì yóò dé iwájú ilé wa, níbi tí a sin Bàbá sí. Òun fẹ́ hú Bàbá, kí a tún un sin sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ yín. Ẹ̀yin méjèèjì wá ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi, nítorí èmi àkọ́bí ni mo kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i lára.

N kò lè wá. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí mo bá jáde, n kò ní lè padà wọlé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí pólì mi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́, ilẹ̀ a sì máa ṣú kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìgbọ́ kí ẹnì kan pe orúkọ mi já.

Ní Sátidé tó kọjá, Efua, ọmọ ilẹ̀ Gánà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, fà mí lọ sí ìrìn àjò ọjọ́ kan tí amọ̀nà fi ń mú èèyàn wo ibojì àwọn ọba òyìnbó àti ìrántí àwọn tó bógun lọ. Kì í ṣe tìtorí fàájì ni mo ṣe lọ. Mo rò pé ẹni tó ti ń tọ́jú òkú ọba láti ayébáyé kò ní ṣàìní ọgbọ́n kan tí mo lè fi ránṣẹ́ sílé.

Nínú ilé ìjọsìn ńlá náà, ìyá àgbà tó ń mú wa kiri na agboòrùn rẹ̀ sókè kí a má baà sọnù. Bí mo ti wolẹ̀, orúkọ ni mo rí lábẹ́ bàtà mi. Sàréè ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀! Mo fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wá ń fara gbá ògiri lọ. Efua rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ni mí ni. Ó ní bí mo bá ń fò bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀sì yóò fi mí sílẹ̀ fún àwọn ọba, kí n lọ di olorì wọn. Amọ̀nà wá béèrè ohun tó dé. Mo ní bàbá mi wà níwájú ilé wa. Ìyá mi a máa jókòó tì í nírọ̀lẹ́, a máa bó ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè pé ẹ̀rù kì í bà wá ni. Mo ní ta ni ń bẹ̀rù bàbá rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí òkú tó ń bínú níbẹ̀, pé orí wọn náà ni ọ̀nà, kò sí ọ̀nà mìíràn.

Sàréè kan ṣoṣo ni wọ́n fi òdòdó pupa yí ká, tí ẹsẹ̀ kì í kàn. Amọ̀nà ní ọba wọn pàápàá a máa yà fún un. Inú mi dùn. Mo béèrè pé ọba wo nìyẹn. Ó ní kì í ṣe ọba. Ó ní ọmọ ogun kan ni, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, tí wọn kò mọ ìyá tó bí i. Àwọn tí ọmọ wọn gbẹ́ orúkọ sí lórí ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, títí orúkọ náà fi pa rẹ́. Bàbá wa ní orúkọ, Ìyá mi. Ó sì ní èmi.

Nígbà tí a ń jáde, èrò tì mí lẹ́yìn, mo sì fẹsẹ̀ méjèèjì tẹ òkú olókùú. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn: kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi rè é. Délé, má hú Bàbá. Bí títì bá fẹ́ fẹ̀ sí i lọ́la, yóò bá a dé ẹ̀yìnkùlé. Bàbá náà wà lára àwọn tó jó nígbà tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, títì yìí gan-an ló sì ń gbàdúrà fún títí ó fi kú. Ẹ yọ òkúta orúkọ rẹ̀, ẹ gbé e sí yàrá Ìyá. Ìyá mi, lọ́jọ́ tí katapílà bá dé, ẹ má dúró níta. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Délé. Ọlọ́kadà yóò gun orí rẹ̀ kọjá, kò ní mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní to òdòdó yí i ká.

N kò ní parọ́ fún yín pé mo ń bọ̀ láìpẹ́. Ohun kan ni mo tọrọ: ẹ fi ojú ibẹ̀ han àwọn ọmọ Délé dáadáa. Nígbà tí ẹ̀yin àti èmi kò bá sí mọ́, kí ó ṣẹ́ ku ẹnì kan tí yóò máa yà fún un bó bá dé Emùré.

Ẹ bá mi kí tẹbí tará. Kí Ọlọ́run tù yín nínú ju bí lẹ́tà mi ti lè ṣe lọ. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ kò ní fojú sunkún ọmọ.

Èmi ni, ọmọ yín tó jìnnà,
Bọ́sẹ̀dé