Àpò Ewé Òkun Olómi

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kejì
Olómi pẹ́ lókun. Ìyàwó mi ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó ṣì ń mòòkùn lẹ́yìn erékùṣù Mulli bí ọmọge. Láti aago mọ́kànlá ni mo ti dúró létíkun. Aago méjì ni òun àti àwọn obìnrin yòókù dé. Ó ní, "Bàbá Amalan, ṣé ẹ ti sin mí tán, àbí ó ku yẹ̀ẹ̀pẹ̀?" Aṣọ tó fi wé ìka ti ya, àpáta gé e níka méjì. Àpò ewé òkun kan ló kó. Ti Dókítà Kayalvizhi ni, ọmọbìnrin onígíláàsì ojú láti ìlú Madurai tó ń wá oògùn ibà tuntun. Ó ní ibà ò gbọ́ ti oògùn àtijọ́ mọ́. Olómi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà ló pa Santhiyagu, àbúrò rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kejì
Ewé ti gbẹ. Kòkòrò! Mo rí mẹ́ta. Kí ló máa ṣẹ́kù kó tó dé Madurai? Mo rún ewé dongoyaro gbígbẹ sínú àpò, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin, bí ìyá mi ti máa ń ṣe sí ìrẹsì. Mi ò sọ fún Olómi. Yóò ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀ àníyàn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kejì
Bọ́ọ̀sì ti gbé àpò lọ. Ṣé mo so ẹnu rẹ̀ le?

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Dókítà pè, ó ń pariwo. Wọ́n lọ ewé Olómi, wọ́n kán omi rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà wà — ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wọn. Nínú ogójì oríṣi ewé, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó fẹ́ àpò kan sí i, láti ibì kan náà. Olómi jókòó sílẹ̀, ó dárúkọ Santhiyagu. Lẹ́yìn náà ó se alákàn.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹta
Dókítà fúnra rẹ̀ wá gbé àpò kejì. Àpáta kan náà, ewé kan náà. Ọ̀rá tó ń pa ẹnu ara rẹ̀ dé ló kó o sí. Kòkòrò ò ráyè. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kẹta
Kò ṣiṣẹ́. Kòkòrò ibà ń jayé orí wọn. Dókítà rọra béèrè bóyá ewé mìíràn ni ìyá já lẹ́ẹ̀kejì. Olómi gba fóònù lọ́wọ́ mi: "Ogójì ọdún nínú omi yìí! Ìwọ, ṣé o máa ń ṣi ìyá ẹ mọ̀ lọ́jà?" Létíkun, Jebamani tí wọ́n jọ ń mòòkùn ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè é ní Ìyá Oníṣègùn. Olómi ò jẹun.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹta
Olómi ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kẹta
Ìrẹsì tán. Mo dojú agolo rẹ̀ délẹ̀ kí n gbọ̀n ọ́n. Ewé dongoyaro ló jábọ́ láti ìsàlẹ̀.
Mo jókòó sílẹ̀.
Ewé tí ìyá mi ń sè fún wa mu, nígbàkígbà tí ibà bá dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kẹta
Mi ò tíì sọ. Bí mo bá sọ, kò sí oògùn lábẹ́ àpáta Olómi mọ́. Bí mo bá dákẹ́, Olómi di obìnrin tí kò mọ ewé, Dókítà á sì máa wá ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa káàkiri inú òkun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹta
Mo sọ. Olómi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó wò mí títí ìkòkò fi hó dànù.
"Dongoyaro."
"Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin," mo ní.
Ó jáde. Mo pe Dókítà. Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ wo lẹ fi sí i?" Mo ka ọjọ́ náà fún un látinú ìwé yìí. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ewé òkun náà síwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, tàbí ó sunkún. Fóònù ni, mi ò lè mọ̀. Ó ní kí n gbé fóònù fún ìyá. Mo gbé e bá Olómi níta. "Ẹ má bínú, mà. Ojú yín ò ṣì ewé."
"Mo mọ̀," Olómi ní. Ó tún ní, "Ewé pupa kan wà lábẹ́ àpáta kejì. O ò tíì rí irú ẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹrin
Òṣùpá tuntun ti lé, omi ti fà; àwọn obìnrin padà sókun. Mo wé aṣọ mọ́ ìka rẹ̀, ìlọ́po méjì. Létíkun, lójú gbogbo obìnrin, ó yí inú àpò síta, ó gbọ̀n ọ́n pàtàpàtà níwájú imú mi. "Ẹ wò ó dáadáa o, Bàbá Dongoyaro!" Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí ọkọ̀ ń mì.
Àpò náà ṣófo. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò.