Arógunmásàá àti Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Gbé Sá

Ilé Ládòkun, lẹ́yìn mọ́sáláṣí àtijọ́,
Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Misturat ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Kí àlàáfíà máa bá ọ gbé ní Èkó níbẹ̀ yẹn bí ó ti ń bá ìyá rẹ gbé níhìn-ín, èmi ni kò fi bẹ́ẹ̀ bá gbé. Ọwọ́ tí o fi ń ya àwòrán kò ní gbọ̀n, ojú rẹ kò ní ṣú, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ kí inú bí i, Ọlọ́run kò sì ní sọ ọ́ di ẹni tí ìlú ń rí tí wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń ṣe fún mi lọ́wọ́lọ́wọ́. Àmín. Ara wa le. Òjò ti dá, iṣu ti wọ àká, àgbàdo ti gbẹ lóko. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan fojú jọ Mojeed ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, n kò gbé e fún Tíṣà Adégbénró bí mo ti máa ń ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọjá èyí tí mo lè pè kí ẹlòmíràn máa kọ ọ́. Bí o bá rí àṣìkọ, ìtìjú ló fà á, kì í ṣe àìmọ̀wé.

Ìwé àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Mojeed ti dé. O ní kí ó kọ́kọ́ fi han èmi nìkan, Mojeed sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní kí ó gbé e síwájú, kí gbogbo àwọn ọkùnrin tó wà lábẹ́ ìbòòji rí iṣẹ́ ọmọ mi. Mo tilẹ̀ ránṣẹ́ pe àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ẹnu ara mi ni mo fi kó èrò jọ wá wo ẹ̀sín mi.

Tíṣà ló ń kà á fún wa. Ó ní Arógunmásàá ni, akọni ayé àtijọ́ tí àwa náà máa ń ra ìwé rẹ̀ ní gáréèjì Ìsẹ́yìn nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ó ní ọwọ́ iléeṣẹ́ yín ni akọni náà wà báyìí, wọ́n sì ní kí ìwọ Misturat tún sọ ibi tó ti wá àti bí agbára ṣe dé ara rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò gba ti àtijọ́ mọ́. Ẹnu yà mí. Èyí tí àwa mọ̀ ni pé ó já bọ́ láti ojú ọ̀run nínú ìkòkò irin, ọdẹ kan rí i, ó gbé e relé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Mo gba ìtàn yẹn gbọ́ títí mo fi fẹ́ ìyá rẹ. Mo wá bi Tíṣà pé ṣé èèyàn lè déédéé jí kó pààrọ̀ ibi tí àgbàlagbà ti wá, ṣé ẹ kọ́kọ́ lọ búra ní kóòtù bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń lọ búra ọjọ́ orí, ṣé ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ àkọ́kọ́ lójú ọ̀run, kí wọ́n má baà máa wá a. Tíṣà ní ẹni tó ń ya àwòrán ló ni àṣẹ. Mo ní kí Ọlọ́run má fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lé ọ̀tá wa lọ́wọ́, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ìgbà yẹn ni àwòrán bẹ̀rẹ̀. Ahéré kan wà létí ìgbẹ́ ìjọba, igi ẹmì méjì níwájú rẹ̀, Mojeed sì ní ah-ah, ahéré yín àtijọ́ nìyí. Ọyẹ́ ń fẹ́. Àwọn ọdẹ ti dáná sun ìgbẹ́, iná sì ń bọ̀. Ọkùnrin kan jáde, ó kọ àbàjà bíi tèmi, ó dé irú fìlà tí mo máa ń dé, ó ń tiro ẹsẹ̀ òsì. Ó wo iná. Ó wo ọmọ tó sùn lórí ẹní, èyí tí Tíṣà ní inú iná yìí ni yóò ti di Arógunmásàá. Ó gbé kẹ̀kẹ́.

Misturat, gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ti ṣàkíyèsí pé gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé yẹn ni èéfín funfun máa ń jáde lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń wà nínú èéfín náà. Kò sí èéfín kankan lẹ́nu ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́. Mojeed fi ìka ti ojú fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rí ara mi tí mo sá jáde nínú fóònù tèmi ti kẹ̀kẹ́. Mo ní kí ó dá mi padà. Ó fi ìka fà mí padà, mo tún dúró, ó tún tì í, mo tún sá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fún mi láǹfààní láti ṣe é dáadáa, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo sá. Mo ní kí ó pa fóònù náà, kí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá, bóyá èmi àti kẹ̀kẹ́ yóò parẹ́ nínú òkùnkùn. Nígbà tí ó tan án lọ́jọ́ kejì, mo ṣì ń sá lọ.

Ohun tí n kò tíì kọ sínú ìwé kankan rí nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́. Ìyá rẹ lọ sódò lọ fọ àwọn àpò tí ó fi ń fún gbágùúdá. Kẹ̀kẹ́ náà kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ tí mo rà á, òun ni àkọ́kọ́ nínú agboolé wa, mo ń fi aṣọ nù ún láàárọ̀ mo ń nù ún lálẹ́. Nígbà tí mo rí iná, kẹ̀kẹ́ ni ọwọ́ mi lọ bá. Àwọn àgbà ní bí iná bá jóni tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n, mo sì ti fi òwe yẹn tu ara mi nínú lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n òwe náà kò mẹ́nu kan kẹ̀kẹ́.

Ìyá rẹ ló sáré ti odò bọ̀. Ó da àpò tútù bora, ó wọlé, ó fi òmíràn wé ọ, ó gbé ọ jáde. Mo ti dé ojú ọ̀nà nígbà náà. Nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀, mo sáré pàdé rẹ̀, mo gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn ará oko yọ. Ọwọ́ mi ni wọ́n bá ọ. Wọ́n ní Ládòkun ti yọ ọmọ rẹ̀ nínú iná. N kò ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún kejì, èmi fúnra mi ti ń sọ bí iná náà ṣe ga tó. Àpá ẹ̀yìn ìyá rẹ, mo ní epo gbígbóná ló dà sí i. Bí mo ṣe di Ayọmọníná nìyẹn, tí wọ́n fi ń gbé gbogbo ọmọ tuntun Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìkómọ, kí n ṣàdúrà pé iná ayé kò ní jó wọn, tí wọ́n sì ń fún mi ní àyà ẹran. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ àyà ẹran tí kì í ṣe tèmi.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n n kò kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé mo gun ọ̀kadà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Àgó-Àmọ̀dù, láti gba ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú fún Arógunmásàá. Èrò mi ni pé bí mo bá gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ pé ojú ọ̀run ló ti wá lóòótọ́, iléeṣẹ́ yín yóò dá a padà sínú ìkòkò irin rẹ̀, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yóò sì parí. Ọmọbìnrin akọ̀wé tó wà níbẹ̀, Mọ́ládé lorúkọ rẹ̀, fi sùúrù gbọ́ mi títí. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, ìjọba ìbílẹ̀ àwọn kò dé ojú ọ̀run. Ó wá fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní kí n kọ èyí tí mo bá mọ̀ níbẹ̀. Ohun kìíní tí wọ́n béèrè ni orúkọ bàbá. Mo di bírò mú títí àwọn tó wà lẹ́yìn mi fi ń kùn. Mo kọ Ládòkun. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpòòwé yìí, fi pamọ́.

Nígbà tí mo délé, mo bi ìyá rẹ pé ṣé òun ló sọ fún ọ. Ó ní òun kò sọ ọ́ rí. Mo mọ Àwáwù, kì í purọ́. Ohun tó wá túmọ̀ sí ni pé ìwọ fúnra rẹ ni o rí mi. O kò sùn. Láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni o ti mọ̀, tí o ń jókòó gbọ́ mi níbi ìkómọ bí mo ṣe ń fọwọ́ júwe iná, tí o sì ń kúnlẹ̀ kí mi ní gbogbo Iléyá, tí o ń pè mí ní bàbá mi. Ojú ń tì mí, Misturat. Ojú àwọn ará ṣọ́ọ̀bù tì mí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n tìrẹ ni n kò mọ ibi tí mo máa gbé e sá sí.

Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n kó ọmọ Samsudeen aláròóbọ̀ jáde. Wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́ bí ìṣe wọn. Mo ní kí wọ́n pe Àwáwù wá láàárín àwọn obìnrin, mo gbé ọmọ náà fún un, mo ní òun ló wọ inú iná, èmi, kẹ̀kẹ́ ni mo gbé. Fàtímọ̀ ìyá Samsudeen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ti mọ̀, pé àwọn jọ ń wẹ̀ lódò, epo kì í sì í jó èèyàn báyẹn, àwọn kàn ń wò mí ni. Ńṣe ló dà bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé. Ìyá rẹ ṣàdúrà fún ọmọ náà, wọ́n sì gbé àyà ẹran fún un. Ó gé e sí méjì, ó fi ìdajì sínú àwo mi.

Mo ti fẹ́ bínú sí ọ pé o kò fún Arógunmásàá ní aṣọ gidi, pé nínú ìwé àtijọ́ aṣọ pupa tó rẹwà ló ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ó bá ń fò, ìwọ sì so àpò gbágùúdá mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ní ṣé kò sí òfì ní Ìsẹ́yìn ni. Ìyá rẹ wọ yàrá, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó sì mú àpò náà jáde. Etí rẹ̀ kan ti jó. Má ṣe pààrọ̀ aṣọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, má bínú. Mo ti gbé kẹ̀kẹ́ náà fún Ọlágòkè alágbẹ̀dẹ, kó fi irin rẹ̀ rọ ọkọ́. Ohun tó bá fún mi, òfì ni mo fẹ́ fi ra fún ìyá rẹ, kò sì ní tó, nítorí náà bí o bá rí nǹkan kékeré, fi kún un. Kí o sì bá mi tẹ ìwé náà sórí bébà, ó kéré tán ogún, n óò máa fẹsẹ̀ rìn gbé e dé ilé àwọn tí mo gbé ọmọ wọn rí. Kí Ọlọ́run sọ ọ́ di ńlá, kí ó fún ọ ní ọkọ tí yóò wo inú iná kó rí ọ, kí ọmọ rẹ má ṣe ní ohun tí yóò yà nípa rẹ.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tún ṣe nínú ìwé náà. Níbi tí mo ti ń sá lọ, o ya mí bí ẹni tó bojú wẹ̀yìn, omi sì wà lójú mi. N kò bojú wẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, ọmọ mi. Ìwọ lo fi ìyẹn kún un. Mo fẹ́ kí o pa á rẹ́, nítorí mo ti jẹ irọ́ yó, ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń bojú wẹ̀yìn, n kò sì rí nǹkan mìíràn wò. Bí ó bá tó lójú rẹ, jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ládòkun tó gbé kẹ̀kẹ́.