Òyìnbó Fẹ́ Rán Aṣọ fún Ìrókò Wa

Ó di ọwọ́ Abọ́dúndé, Àjàgbé ọkọ mi, ní Àjàṣẹ́.

Èmi ìyá rẹ, Ẹfúnwùmí, ni mo kí ọ láti ilé ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni o jí? Ṣé ara le? Ṣé omi ibẹ̀ kì í jẹ́ kí inú run ọ́? Bí o bá ń rìn, kí ọ̀nà mọ ẹsẹ̀ rẹ, bí o bá sì jókòó sí ibi iṣẹ́, kí ìjókòó rẹ tutù. Gbogbo ilé ni ó kí ọ. Bàbá rẹ àgbà, Fákẹ́yẹ, kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá, láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni ó ń rí ẹjọ́ rò. Ewúrẹ́ mi bí méjì, akọ kan, abo kan. Ẹ̀bùnọlá, ọmọ tí ó lọ sí ilé ìwé àwọn obìnrin aláṣọ funfun, ni ó ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kí ó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kí ó má fi iyọ̀ sí i, kí ó má sì yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò. Ó ní òun gbọ́. O mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìwé tí o kọ kẹ́yìn dé ọwọ́ wa. Mo rí ọkùnrin kékeré tí ń gun ọ̀pẹ, èyí tí o lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà. Fákẹ́yẹ wò ó títí, ó ní bí ó ṣe di igbà mọ́ ara kò dára, ó ní ọmọ ìlú ńlá ni. Èmi rò ó pé láti Àjàṣẹ́ títí dé ibí ni ó ti wà lórí ọ̀pẹ, tí kò sì sí ẹni tí ó fún un ní nǹkan. Mo bu omi tútù díẹ̀ fi kàn án lẹ́nu, ó sì ṣí kúrò lára ìwé. Mo ní ó ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ó sinmi.

O ní iṣẹ́ rẹ nísinsìnyí ni kí o máa kọ orúkọ nǹkan sínú ìwé ńlá fún àwọn òyìnbó. Inú mi dùn. Iṣẹ́ àgbà ni. Ní ilé níbí, ẹni tí irun rẹ̀ bá ti funfun nìkan ni a ń jẹ́ kí ó sọ nǹkan lórúkọ.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Òyìnbó kan wá kí àwọn igi Ojú Omi.

O mọ Ojú Omi wa. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ fi ń bọ̀, kò sí omi mìíràn fún wa, nítorí ilẹ̀ dúdú wa yìí, bí òjò bá rọ̀, ó di ẹrẹ̀ tí ń di ènìyàn lẹ́sẹ̀ mú, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, ó sán bíi gìgísẹ̀ arúgbó. Ìrókò mẹ́ta àti ọ̀gànwó mẹ́rin tí ó yí omi náà ká ni wọ́n ń ṣíji bò ó. Igi ni aṣọ omi. Àwọn ará abúlé kejì bọ́ aṣọ omi tiwọn, wọ́n gé igi ibẹ̀ tán láti fi dáko, omi náà tijú, ó wọ ilẹ̀ lọ. Ọdún kẹta rèé tí àwọn ìyàwó wọn ń ti ọ̀hún rìn wá pọnmi lọ́dọ̀ wa, kí oòrùn tó yọ ni wọ́n ti ń jáde, ọmọ a sì máa sunkún lẹ́yìn wọn. Nítorí náà ni àwa kò fi fi tiwa ṣeré. Ẹni tí ó bá pọnmi, igbá kan nínú rẹ̀, ti igi kékeré ni. Ẹnikẹ́ni kì í fọ ìkòkò epo níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í já ewé láìkọ́kọ́ kí igi. Lẹ́yìn ìkórè, a máa ń gbá ìdí wọn, a máa ń gbé oúnjẹ lọ jẹ lábẹ́ wọn, a sì máa ń jó díẹ̀, níwọ̀n tí ìbàdí bá gbà. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni a sin ibi rẹ sí, obì tí a gbìn lé e ti so lẹ́ẹ̀mejì.

Òyìnbó náà wá pẹ̀lú gáàdì kan àti ògbufọ̀ kan tí ń sọ Ègùn. Nígbà tí ó dé ìdí ìrókò àgbà, ó ṣí fìlà rẹ̀ ńlá, ó gbé ojú sókè, ó sì wò ó títí ọrùn fi ń ro ó. Mo ní ẹni tí ó mọ ìwà nìyí. Lẹ́yìn náà ó fa okùn pẹlẹbẹ kan yọ láti inú àpò, okùn tí ó ní ìlà wẹ́wẹ́ lára, ó fi yí ìrókò ká, ó pe iye rẹ̀, ògbufọ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Oyèlẹ́yẹ, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, tí ó ti dé ọjà Pobẹ̀ rí, sọ sí mi létí pé òun ti rí irú okùn yẹn lọ́wọ́ aránṣọ, ó ní bí wọ́n ṣe ń wọn ènìyàn nìyẹn kí wọ́n tó rán aṣọ fún un. Orí mi wú. Láti ìgbà àwọn ìyá wa ni a ti ń so ọ̀já mọ́ ìrókò yẹn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó yí i ká tán rí, ńṣe ni a ń so wọ́n mọ́ra bí aṣọ tálákà. Àwọn òyìnbó ní aṣọ.

Ó tún já ewé kan. Kò kí igi kí ó tó já a, ṣùgbọ́n àlejò ni. Ó fi ewé náà sí àárín ìwé rẹ̀, ó pa á dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ó gba ohun ìrántí. Gáàdì wá po ẹfun sínú korobá, òyìnbó fi ọwọ̀ kékeré kan fa ìlà méjì tí ó dábùú ara wọn sí ara ìrókò, bí oríta, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn mẹ́fà tí ó kù. Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi. Èmi tí mò ń jẹ́ Ẹfúnwùmí, tí mo ti ń fi ẹfun kun ìdí igi láti kékeré, n kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é ní ìlú wọn náà. Ògbufọ̀ bá wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ, ó yára sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mú un nínú rẹ̀ pé àwọn yóò padà wá, àti pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi tí a ti kùn. Mo ní ta ni ó jẹ́ fọwọ́ kàn án?

Fákẹ́yẹ nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní bí òun bá fẹ́ ta òbúkọ, òun náà a máa fi àmì sí i lára. Mo ní ẹnu tirẹ̀ gan-an ni àmì yẹ. Ó ní kí n rántí ọ̀rọ̀ òun. Mo ní mo ti gbàgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nǹkan mìíràn ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn igi yòókù ńkọ́? Ìwọ náà dàgbà nínú ilé olórogún, o mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ra ìró fún ìyálé tí a kò ra fún ìyàwó. Mo pe àwọn obìnrin jọ. A kó gbogbo ẹfun tí ó wà nílé jáde, àwọn èèyàn wa ní Kpulu fi agbọ̀n kan ránṣẹ́, a pò ó bí gáàdì ṣe pò ó, a sì fa oríta bí òyìnbó ṣe fà á. A kun apá, a kun àfọ̀n, a kun ìyeyè, a kun obì rẹ, a kun ọ̀pẹ etí ọ̀nà, a kun ọsàn Oyèlẹ́yẹ tí kò so rí láti ọjọ́ tí ó ti gbìn ín, títí kan òpó ilé Fákẹ́yẹ, nítorí òun náà ti jẹ́ igi rí. Ewúrẹ́ ti ń fara nu àwọn méje tí òyìnbó kùn, ìlà wọn ti ń parẹ́, nítorí náà a tún wọn kùn kí wọ́n lè bá ẹgbẹ́ mu. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a fi ṣe é. Bí o bá dúró ní ọ̀nà Oko-Akarè, igbó náà ń dán bí eyín ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín. A se ẹ̀wà, a gbé e lọ jẹ níbẹ̀, àwọn obìnrin abúlé kejì sì sọ ẹrù omi wọn kalẹ̀, wọ́n bá wa jó. Ọ̀kan nínú wọn gbá ìdí ìrókò mọ́ra, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà tí ó kọjá, ọkùnrin mẹ́jọ dé pẹ̀lú ayùn gígùn àti àáké. Àyà mi kọ́kọ́ já. Ṣùgbọ́n mo rò ó dáadáa: igi tí òyìnbó fúnra rẹ̀ ti fi ẹfun bọ̀wọ̀ fún, ta ni yóò gé e? Àwọn tí a kò kùn ni wọ́n wá gé. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ orí mi pé a kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ká ní a ṣe ọ̀lẹ ní ọjọ́ kẹrin ni, ọ̀pẹ etí ọ̀nà ì bá ti lọ.

Olórí wọn wọ inú igbó lọ, ó jáde, ó tún wọ̀ ọ́. Nígbà tí ó yá, ó jókòó. Ó bi mí pé èwo ni igi tí òyìnbó kùn. Mo ní gbogbo wọn ni. Ó ní òun kò bi mí ní ti ẹ̀fẹ̀. Mo ní èmi náà kò dá a lóhùn ní ti ẹ̀fẹ̀. Ó ní méje ni wọ́n sọ fún òun. Mo ní méje ni a fi bẹ̀rẹ̀, ayọ̀ ni ó jẹ́ kí ó pọ̀. Ó ní kí n kàn fi méje àkọ́kọ́ han òun. Mo ní bí ìyá bá ti pín ẹran fún ọmọ tán, tí gbogbo wọn ti jẹ ẹ́, ta ni í tún bi í pé ta ni ó kọ́kọ́ nawọ́? Oyèlẹ́yẹ mú un lọ sí ìdí ọsàn rẹ̀, ó ní kí ó wò ó bóyá kò wù ú, torí pé òun kò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aláyùn bú sẹ́rìn-ín, olórí ní kí ó pa ẹnu dé, àmọ́ ẹ̀rín ti ń mú òun náà.

A fún wọn lómi. Olórí mu igbá méjì, ó bi mí pé omi ibo nìyí, nítorí láti Sakétẹ́ ni àwọn ti ń mu omi ẹrẹ̀ bọ̀. Mo na ọwọ́ sí àwọn igi. Ó wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó ní ìwé tí wọ́n kọ igi méje náà sí, pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí, ń bẹ lọ́wọ́ akọ̀wé kan ní Àjàṣẹ́, ọmọ ilẹ̀ wa níbí, ó ń jẹ́ Abọ́dúndé. Mo ní kí ó tún orúkọ náà pè. Ó tún un pè. Mo ní èmi ni mo bí i. Ó wò mí, ó tún wo àwọn igi, ó ní ìtàdógún òní ni àwọn yóò lọ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ, ó ní kí ìyá tètè kọ̀wé.

Ìdí nìyí tí mo fi tètè kọ̀wé.

Nítorí náà, Àjàgbé, mo bẹ̀ ọ́, bá mi bi òyìnbó náà léèrè ibi tí iṣẹ́ aṣọ dé. Oṣù méjì ti kọjá. Kí wọ́n jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, nítorí gbòǹgbò. Ti ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, mo fẹ́ sọ pé kí o kọ gbogbo igi wa sínú rẹ̀, kí àwọn aláyùn má baà ṣèèṣì. Ibi tí mo sọ ọ́ dé nìyẹn tí Fákẹ́yẹ fi dìde dúró, òun tí orúnkún ń dùn. Ó ní kí n má tún un sọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé bí ikán bá jẹ ìwé yẹn, òun yóò pa òbúkọ òun tí òun fi àmì sí. Mo ní ikán kì í jẹ ìwé ìjọba. Ó ní ikán kò mọ ìjọba. Mo bi Ẹ̀bùnọlá léèrè, nítorí òun ni ó mọ ìwé, ó ní bàbá sọ òótọ́, ikán kò mọ ìjọba. Mo wá ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì síbẹ̀. Ìwọ ni ọmọ Ojú Omi, ìwọ ni ìwé wà lọ́wọ́ rẹ.

Bí owó díẹ̀ bá wà, fi ránṣẹ́ fún mi, ẹfun ti tán ní gbogbo agbègbè yìí, iyọ̀ pẹ̀lú kù díẹ̀. Bí kò bá sí, má ṣe tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Ṣàngóbíyì tí ń gbé epo lọ sí Àjàṣẹ́ ni yóò mú ìwé yìí bọ̀, pẹ̀lú kèrègbè kan. Omi wa ni ó wà nínú rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo bù ú lábẹ́ ìrókò àgbà ní àárọ̀ yìí, mo fi ewé rẹ̀ dí i lẹ́nu, mo sì ti kí igi kí n tó já a. Mu ún kí o tó ṣí ìwé ńlá rẹ.

Kí ibi tí o bá dúró sí tutù fún ọ. Kí o ní ìdí, kí o ní ẹ̀ka, kí àwọn tí ó rẹ̀ rí ibòòji lábẹ́ rẹ. Kí ọmọ rẹ bá ilé bí o ṣe bá a.

Dá kèrègbè náà padà, kí n lè rí nǹkan fi bu òmíràn ránṣẹ́ sí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹfúnwùmí