Ọwọ́ Ta Ló Sọ Mí Di Oníwàásù

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹwàá, 1659
Irùngbọ̀n wá lẹ́yìn ìsìn. Olórí àwọn oníwàásù agbègbè wa ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tí àwọn alàgbà ò gbé ọwọ́ lé lórí kì í ṣe oníwàásù. Kí n wá kúnlẹ̀ fún wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n kó kúrò nílé tí ìjọ fún wa.

Mo ní ìjọ ló nawọ́ sókè tí wọ́n fi yàn mí. Ìyẹn tó.

Ọjọ́ Ajé, 3
A lé ọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A lé bíṣọ́ọ̀bù. Ṣé kí Irùngbọ̀n lè gba ipò wọn la ṣe lé wọn ni?

Ìyàwó mi, Temperance, ní: “Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dìde, ká ráyè sùn nílé wa. Kí ló le níbẹ̀?” Inú bí mi. Mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ọjọ́rú, 5
Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun ti ti ilẹ̀kùn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pa ní Lọ́ńdọ̀nù. Tuckwell ahunṣọ, díákónì wa, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Oníwàásù, ìjọba aráàlú tẹ́ ẹ ń wàásù ẹ̀ yìí, ṣé àwọn ológun ò gbọ́ ni?” Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Abúlé kejì ń sọ pé àwọn ọmọ tí mo rì bọmi kàn tutù lásán ni — mi ò kúkú ní àṣẹ. Ìyàwó Tuckwell sunkún títí, torí ọmọ tiẹ̀ wà lára wọn. Ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́la, kí ìjọ dìbò: ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ ni, àbí kí n má lọ? Mo mọ àwọn èèyàn mi. Èmi ni mo kọ́ wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Mo wàásù pé ọwọ́ wọn ni àṣẹ wà, kò sẹ́ni tó ga jù wọ́n lọ. Wọ́n ń ṣe àmín. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí n kọ̀ nawọ́. Kò sẹ́nì kankan.

Kí n lọ ńkọ́? Gbogbo ọwọ́ ló gòkè. Tuckwell ò lè wò mí lójú: “Ẹ má bínú, Oníwàásù. Torí àwọn ọmọ ni.”

Mo lè kọ̀ fún Irùngbọ̀n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ fún àwọn wọ̀nyí? Ojú tì mí, ó sì dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 27
Mo kúnlẹ̀. Irùngbọ̀n àtàwọn alàgbà gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ wọn wúwo. Kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, Irùngbọ̀n rọra bi mí pé kí ló yí mi lọ́kàn padà. Mi ò parọ́. Mo ní kò sí nǹkan tó yí i, ìjọ ló dìbò pé kí n wá.

Ó ní: “Àṣẹ ìjọ lo ṣì ń tẹ̀ lé, kì í ṣe tiwa,” ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Àwọn yòókù náà gbé tiwọn kúrò.