Fọ́ọ̀mù Olójú Méjì Tí Mo Fi Tọrọ Ọ̀nà Ọ́táwà

Clinton, Maryland
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 1996

Falilat ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, fún Rasaq ọkọ rẹ, fún Humaira, àti fún ẹni tó wà nínú rẹ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́run tó bá ọ gbé oyún náà dé oṣù kẹjọ yóò bá ọ sọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ara mi le. Orúnkún òsì ń dùn mí bí òtútù bá mú, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo ni í. Jàfárù ẹ̀gbọ́n rẹ ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, yìnyín tó bo mọ́tò rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà kan ti yọ́ tán. Yétúndé ìyàwó rẹ̀ ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Mo pè ọ́ lórí tẹlifóònù ní ibi iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ kan. Obìnrin kan gbé e, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò tíì dákẹ́ dáadáa tí èkejì fi gbà á, tí ó ń sọ Faransé. Mo kí àwọn méjèèjì, mo sì dúró kí ìyáálé àti ìyàwó sọ tẹnu wọn tán, nítorí ìwà àfojúdi ni kéèyàn já tẹlifóònù mọ́ ìyàwó lẹ́nu nígbà tó ti gbọ́ ti ìyáálé. Wọn kò dá mi lóhùn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Yétúndé ní ẹ̀rọ ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ta ló kọ́ ọ pé kí ìyáálé máa ṣíwájú?

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìlú yín yé mi. Ilé olórogún ni Kánádà. Ọkọ tó bá fẹ́ sùn kì í ra aṣọ fún ìyáálé kó má ra ti ìyàwó. Páálí bísíkíìtì tí o fi ránṣẹ́ nígbà ọdún ààwẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, Faransé wà ní èkejì. Mo ṣí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo jẹ ọ̀kan níhìn-ín, mo jẹ ọ̀kan lọ́hùn-ún. Dídùn wọn dọ́gba. Ọkọ náà ń gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣàjèjì sí mi. O mọ àbúrò mi tó lọ́kọ sí Kétu ní òdìkejì bodè, lọ́dọ̀ àwọn Faransé. Ìyá kan náà ló bí wa ní Ìmẹ̀kọ, àmọ́ Faransé ni wọ́n fi na àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi na ẹ̀yin. Nígbà tí ẹ bá pàdé lọ́dún, kò sẹ́ni tó ń rántí èyí tí wọ́n fi na òun, ẹ jọ ń bú ara yín ní Yorùbá ni.

Nígbà tí Jàfárù wá gba fọ́ọ̀mù wálé láti ọ́fíìsì àwọn Kánádà ní Wáṣíńtìnì, kí n lè rí físà wá bá ọ wẹ ọmọ, olójú méjì ni òun náà. Jàfárù kọ ojú Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ó parí. Mo ní kò parí, ṣé a óò kí ìyáálé ká wá fi ìyàwó sílẹ̀ lórí ìdúró? Ó ní ojú kan ti tó, ó fi í sínú àpò ìwé, ó sáré lọ síbi iṣẹ́. Èmi gbé e lọ sí mọ́sálásí ní ọjọ́ Jímọ̀. Mùtàlíbù wà níbẹ̀, ará Pọ̀bẹ̀ tó ń wa takisí, Yorùbá bíi tiwa tí wọ́n fi Faransé nà. Ó ń bi mí, mo ń dáhùn, ó ń kọ. Mo tẹ̀ka sí i. Yétúndé ló fi í ránṣẹ́ láì wo inú rẹ̀. Kí ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan tẹ́ fọ́ọ̀mù síwájú Jàfárù, ó ka ojú kìíní pé ìyá yìí ń lọ kí ọmọ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò lò, kò ní ṣe iṣẹ́ kankan. Ó wá yí i padà. Ó ní ojú kejì sọ pé ìyá yìí ń lọ ṣiṣẹ́: yóò máa wẹ ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, yóò máa fi omi gbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ, yóò máa fọwọ́ tẹ orí ọmọ kí ó lè rí róbótó, yóò sì padà nígbà tí ọmọ bá rìn. Jàfárù fi ọwọ́ bojú.

Òyìnbó náà ní ẹni tó bá ń wá ṣiṣẹ́ kì í gba físà àlejò, àti pé ta ni yóò máa sanwó iṣẹ́ yìí? Mo ní kí Jàfárù sọ fún un pé Falilat kò lówó tó lè fi gbà mí síṣẹ́. Ó ní èwo wá ni òtítọ́ nínú ojú méjèèjì? Jàfárù ti ń la ẹnu, mo gbá a lọ́wọ́. Mo ní ti Faransé ni òtítọ́, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ohun tí ọmọkùnrin mi yìí rò pé ẹ fẹ́ gbọ́. Mo ní nígbà tí Falilat bí Humaira, kò sí àgbà kankan lọ́dọ̀ rẹ̀, inú ìwé ló ti kọ́ bí a ti ń wẹ ọmọ, ìdí nìyẹn tí orí ọmọ náà fi ṣe ṣóńṣó títí di òní. Jàfárù kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀. Mo bá yọ fọ́tò Humaira, mo nàka sí orí rẹ̀, mo ní pà bọ̀n, kò dára, bí àwọn oníbàárà Kétu ti máa ń wí tí gàrí mi bá kan jù.

Ojú òyìnbó náà là. Ó da Faransé bò mí. Mo ní wí, mo ní wí, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni tiwọn, bí a ti ń ṣe fún àwọn aṣọ́bodè. Ó gbé fọ́ọ̀mù wọlé. A jókòó títí, Jàfárù ń mí bí ewúrẹ́ tó sáré, ó ní Màámi, ẹ ti ba tiyín jẹ́.

Nígbà tó jáde, ó ní ìyá tó bá ń wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ kọ́ ni ìjọba ń pè é. Mo ní iṣẹ́ ni. Jàfárù ní kí n jọ̀ọ́ kí n dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fún mi. Ọmọ kì í rìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yóò ti gbọ́ràn.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kíákíá, kí o kọ orúkọ Yétúndé sí i, Jàfárù ṣì ń bínú. Ra bàsíà ńlá kan sílẹ̀, kí ó má jẹ́ oníke. Òrí àti kànrìnkàn wà lọ́wọ́ mi.

Ọlọ́run yóò bá wa sọ ẹ̀jẹ̀ di omi. O kò ní fi ọwọ́ ọ̀tún bí kí o fi tòsì sin. Ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀ ni n óò dé. Bí ẹni inú rẹ bá ní òun fẹ́ ṣáájú mi, má jẹ́ kí Humaira fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé bẹ̀ ẹ́, kò ní gbọ́. Ìwọ ni kí o gbé ọwọ́ lé ikùn, kí o sọ fún un ní Yorùbá pé èmi ni mo ní kí ó jókòó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.