Mo Dín Owó Ìrànwọ́ Bàbá Mi Kù

Olóòtú ètò orí rédíò wa ọ̀wọ́n, mo kí yín kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń pín owó ìrànwọ́ fáwọn tí omíyalé ṣe lọ́ṣẹ́. Nígbà tí owó ọdún yìí dé, ọ̀gá wa ní iye kan náà ni ká fún ilé kọ̀ọ̀kan, kó sì bọ́ sọ́wọ́ onílé. Mo ní, "Ọ̀gá, àwọn ayálégbé ńkọ́? Ibùsùn tiwọn náà léfòó lójú omi." Ó ní, "Ó dáa, lọ kà wọ́n wá."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ka àwọn èèyàn láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀gá gbà, ó sì ní iye orí la ó fi pín in, kí kálukú gba tirẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé onílé ni bàbá tó bí mi. Ìpín tiwọn já wálẹ̀ gidi. Wọ́n ní, "Ṣé ìwé tí mo rán ọ lọ kà lo wá fi ń gba oúnjẹ lẹ́nu mi?" Odindi ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò gbé fóònù mi.

Àná ni wọ́n pè. Wọ́n ní, "Èèyàn mélòó lo kọ fún ilé mi?"

Mo ní, "Mẹ́rìnlá ni, sà."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n. Aránṣọ yàrá ẹ̀yìn bímọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ tún un kọ."

Mo ti kọ ọmọ náà mọ́ wọn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ kí bàbá mi lọ́la, àbí kí n dúró kí wọ́n tún pè?

Èmi ni, ọmọ onílé.