Àmín Tí Mi Ò Gbọ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi ti wọ bàálù. Ọ̀la ni òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ ka iye ẹja tó ń gbé láàárín àwọn òkúta iyùn.

Àyà mi ò balẹ̀. Èmi tí mi ò fẹsẹ̀ kan adágún Lewisville tó wà nítòsí ilé wa níbí rí, mo bí ẹni tó ń wá ẹja lọ sílé.

Kó tó jáde, mo ní kó kúnlẹ̀ kí n gbàdúrà fún un. Ó kúnlẹ̀, àmọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń mí lábẹ́ omi wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń dán an wò. Mo gbàdúrà tán, mo dúró de àmín. Ó ká àtàǹpàkò àti ìka kejì pọ̀, ó nà án sí mi.

Ó wá yọ rọ́bà náà. "Bá a ṣe ń sọ pé kò séwu nísàlẹ̀ nìyẹn, Mọ́mì."

Kò ṣe àmín. Ìyá mi kì í jẹ́ ká dìde lórí eékún láìṣe é.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù: "Àdùkẹ́, jọ̀ọ́, ṣe àmín." Àwòrán ọwọ́ yẹn náà ló fi dáhùn.

Látìgbà náà ni mo ti ń bá a ṣe àmín náà. Ohùn tèmi nìkan ni mò ń gbọ́.